Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìjókòó, sítíárì àti bẹ́líìtì lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ irọ́ tó dùn nípa ìjókòó ọkọ̀, ẹ lọ dúró ti àwọn Micra tó ń kérò Ògbómọ̀ṣọ́ ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́. Ẹnì kan á ní bẹ́líìtì a máa fún òun láyà. Òmíràn á ní aboyún kì í dè é. Bàbá àgbàlagbà kan á sì ní òun ti ń wakọ̀ kí Nàìjíríà tó fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́líìtì nígbà náà. Bàbá, ó wà o. Ọdún 1959 ni Nils Bohlin, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Volvo ní Sweden, ti gbé bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá jáde, Volvo sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn tó kù tó ń ṣe ọkọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ìjókòó tó ń ju awakọ̀ bàálù ogun síta ni Bohlin ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó mọ ohun tí ìdádúró òjijì ń fi ara ènìyàn ṣe.

Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà oníbejì Ìbàdàn sí Ìlọrin, apá yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ fà jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà tó ń bọ̀ láti Òkè-Ọya àti Micra tó ń lọ fi kojú síra wọn lórí títì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé ìjókòó, sítíárì àti bẹ́líìtì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Egungun ni bẹ́líìtì wá dì mú, ti ìbàdí àti ti àyà. Ìjókòó ló ń gbé egungun náà síbi tí bẹ́líìtì á ti bá a. Bí ìjókòó bá ti ṣì, okùn lásán ni ẹ so mọ́ra.

"Torí Róòdù Séfútì la ṣe ń de bẹ́líìtì."

Irọ́ ni, bí mo tilẹ̀ mọ ibi tó ti wá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC, ìyẹn Róòdù Séfútì, sílẹ̀ ní 1988 tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ àwọn aláṣọ ojú títì níbí, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ ọgbọ́n tí a ń dá sí wọn. Bí awakọ̀ bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, á fa bẹ́líìtì kọjá àyà, kò ní kì í bọ ihò rẹ̀, ọwọ́ ni á fi tẹ̀ ẹ́ mọ́tan. Bó bá kọjá wọn tán, á jù ú sílẹ̀. ₦2,000 owó ìtanràn ló ń sá fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí kò sá fún. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré kìlómítà 80 ní wákàtí, tó wá dúró gbì lára tírélà, eré tí ara èrò inú rẹ̀ bá lọ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 25. Ilé Kòkó n'Ìbàdàn ga ní mítà 105. Ẹ dá a sí mẹ́rin, ẹ wá dúró sórí ìdá kan. Àwọn tó ń sọ pé àwọn á fi ọwọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé wọ́n lè fi ọwọ́ ti ilẹ̀ bí wọ́n bá já láti ibẹ̀?

"Bí ọkọ̀ bá já sódò tàbí tó gbiná, bẹ́líìtì ni yóò há ènìyàn mọ́nú rẹ̀."

Irọ́. Afárá Odò-Ọbà tó wà lójú ọ̀nà yìí ló máa ń wà lọ́kàn àwọn tó ń sọ ọ́. Ìjàm̀bá tó já sí iná tàbí odò kéré púpọ̀ nínú gbogbo ìjàm̀bá ọkọ̀. Kódà níbi tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ ti kọ́kọ́ lu gíláàsì kò ní mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹni tí bẹ́líìtì dì mú ni ojú rẹ̀ máa ṣì dá, títẹ ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì kù fún un láti tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí mo bá ti de bẹ́líìtì, mo lè na ìjókòó sẹ́yìn kí n sùn."

Irọ́ yìí ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń jókòó níwájú, pàápàá bí wọ́n bá jẹ àmàlà kí wọ́n tó wọkọ̀. Bí ẹ̀yìn ìjókòó bá ti dùbúlẹ̀, bẹ́líìtì èjìká á ti kúrò lára àyà, á máa rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá wá dúró lójijì, ara á yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì lọ síwájú, èyí tó yẹ kó dúró sórí egungun ìbàdí á gun ikùn. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé dáṣíbọ́ọ̀dù tún fi kún tirẹ̀: àpò afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, bó bá bú jáde, á ti orúnkún rẹ̀ bọ̀ wá bá ojú rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ náà ń na ìjókòó sẹ́yìn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ gbalaja, ọwọ́ kan lórí sítíárì, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìyàwó. Wọ́n á dé Ògbómọ̀ṣọ́ tán, wọ́n á máa wá aboniki fún ẹ̀yìn ríro. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ fi ìdí kan ẹ̀yìn ìjókòó pátápátá. Ẹ tẹ bíréèkì dé ilẹ̀, tàbí kílọ́ọ̀ṣì bí ọkọ̀ bá ní in: orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó nà gbọnrangandan ló máa ń kán. Ẹ wá gbé ẹ̀yìn ìjókòó dìde títí èjìká yín á fi fara tì í, tí ọrùn ọwọ́ yín á sì lè gúnlẹ̀ sórí sítíárì láìjẹ́ pé èjìká kúrò níbi tó wà. Bí ìjókòó bá ṣeé gbé sókè, ẹ gbé e, kí ẹ lè máa wo títì láti òkè sítíárì, kì í ṣe láti àárín rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan sítíárì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀pá kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e sókè sódò, àwọn kan sì ń fà wá síwájú. Àyà ni kí ẹ jẹ́ kó kọjú sí, kì í ṣe ojú. Ẹ má ṣe dán èyí wò lórí ìrìn o. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni. Díńgí ló tẹ̀ lé e, nítorí bí ìjókòó bá ti sún, gbogbo díńgí ti di òpùrọ́ nìyẹn. Bẹ́líìtì ni ẹ máa fà kẹ́yìn.

"Ẹni kúkurú gbọ́dọ̀ sún mọ́ sítíárì dáadáa."

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lópin. Láti egungun àárín àyà dé àárín sítíárì, kò yẹ kó dín ní sẹ̀ǹtímítà 25, nítorí àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú sítíárì kì í rọra jáde. Ẹni tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àyà lé e ni agbára rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà. Bí ẹsẹ̀ kò bá tó bíréèkì láìsún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀ kí àyà lè jìnnà, kí ẹ sì tẹ sítíárì sísàlẹ̀. Nípa tìmùtìmù tí àwọn kan ń gbé sábẹ́ ìdí, mo fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ o, àmọ́ pálọ̀ ni kí wọ́n gbé e sí. Awọ a máa yọ̀, èyí tó bá sì rọ̀ á fún pọ̀ nígbà ìjàm̀bá, ìdí á sì sá gba abẹ́ bẹ́líìtì. Fóòmù líle tó fẹ̀, tí kì í sún, ló ṣe é lò.

"Ọkọ̀ mi ní àpò afẹ́fẹ́, kò nílò bẹ́líìtì."

Irọ́. Wọ́n ṣe àpò yẹn láti pàdé ara tí bẹ́líìtì ti ń fà sẹ́yìn. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń kún; ẹni tí kò de bẹ́líìtì á ti wà lórí rẹ̀ kó tó kún tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló ní ó ṣì wà níbẹ̀? Tòkunbọ̀ míì ti fi tirẹ̀ ṣòfò l'Amẹ́ríkà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, panẹbítà ló lẹ ojú rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ṣí iná ọkọ̀, àmì SRS, ìyẹn ti àpò afẹ́fẹ́, yẹ kó tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí kò bá kú, àpò náà lè má jáde. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ẹ fura sí ẹni tó tà á fún yín.

"Aboyún kì í de bẹ́líìtì."

Irọ́ tó ń dùn mí jù nìyí, nítorí àwọn obìnrin ló ń fi kọ́ ara wọn, tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn aboyún tó ń wọkọ̀ láti àwọn abúlé lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Bowen tàbí ti LAUTECH n'Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń di ọwọ́ mọ́kùn, tí bẹ́líìtì sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tó lè gba ọmọ inú là jù lọ ni pé kí ìyá rẹ̀ má kú. Ibi tí wọ́n ń gbà á ló yàtọ̀: ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ikùn, kó fà mọ́ egungun ìbàdí níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá lórí ikùn láé. Ti òkè á gba àárín ọmú méjèèjì, á sì yà gba ẹ̀gbẹ́ ikùn sọ̀kalẹ̀. Bí oyún náà bá jẹ́ ti awakọ̀ fúnra rẹ̀, kó máa sún ìjókòó sẹ́yìn bí ikùn ṣe ń yọ, bó bá sì dé ìgbà tí ẹsẹ̀ kò tó bíréèkì mọ́, kó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn.

"Ọmọ tí mo gbé lẹ́sẹ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ mi."

Irọ́ ni, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ kílò 10, nínú ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 péré tó sì dúró lójijì, á fa apá yín bí ẹrù tó ju kílò 100 lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì méjì. Kí ẹ wá fa bẹ́líìtì kan yí ìyá àtọmọ ká, ìyẹn tún burú jù: ara ìyá ló máa fún ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ̀yìn ni ọmọ ń jókòó, nínú ìjókòó ọmọdé bí agbára bá ká a. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò tilẹ̀ yẹ kó jókòó níwájú àpò afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì kan fún ẹni méjì yìí gan-an ni ti èrò méjì tí Micra ń kó síwájú. Mo mọ̀ pé owó epo ló fà á, n kò sì ní díbọ́n pé awakọ̀ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ lówó ìjókòó méjì lọ́wọ́, ẹ san án.

"Ẹni tó wà lẹ́yìn, ara ìjókòó iwájú á gbà á dúró."

Á gbà á dúró lóòótọ́, ẹni tó jókòó níwájú ló sì máa gbé ẹrù náà. Èrò ẹ̀yìn tí kò de bẹ́líìtì ti pa awakọ̀ tó de tirẹ̀ rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bẹ́líìtì ń dín ewu ikú ẹni iwájú kù ní ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ikú àti ìpalára ńlá ẹni ẹ̀yìn kù ní ìdá 25. Àmọ́ níbo ni bẹ́líìtì ẹ̀yìn wà? Àwọn tó ń rán aṣọ ìjókòó ti ran ihò rẹ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ. Ẹ ní kí wọ́n lànà fún un kí ẹ tó sanwó iṣẹ́.

"Agbádá kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì ṣiṣẹ́."

Òótọ́, bí ẹ bá dè é sórí agbádá. Aṣọ tó pọ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì ni ara máa kọ́kọ́ sá gbà kí bẹ́líìtì tó dì í mú. Ẹ ká agbádá sókè, kí bẹ́líìtì gba orí bùbá, kí ẹ wá da agbádá bò ó. Gèlè ní tirẹ̀ ń ti orí kúrò lára ìrọ̀rí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀rí yẹn kì í ṣe fún oorun: ó wà kí ọrùn má baà jù sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá gbá yín látẹ̀yìn. Ó yẹ kí òkè rẹ̀ bá àtàrí dọ́gba. Ẹ wé gèlè bí ẹ bá dé òde àríyá. (Àwọn tó ń sọ pé torí àtifọ́ gíláàsì ni wọ́n ṣe ń ṣe ìrọ̀rí tó ṣeé yọ, wọn ò purọ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é nìyẹn.)

"Bẹ́líìtì tó ti gbani là nínú ìjàm̀bá, kò wúlò mọ́."

Òótọ́. Òwú rẹ̀ ti nà, kò ní nà bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde dé ìdí kí ẹ wò ó: ṣé ó ká kò, ṣé ó gbóná jó níbì kan, ṣé abẹ́rẹ́ ṣúmékà ti kàn án? Ẹ fà á lójijì. Ó gbọ́dọ̀ há. Ẹ jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀, kó má lọ́. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò, kí ẹ fà á tagbáratagbára. Èyí tó bá kùnà, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pe ọkọ̀ kí ẹ tó débi ọ̀rọ̀ rédíò àti ẹ́àsì.