Ajá Ọdẹ Nínú Òwe Wa

"Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ fèrè náà rí?

Àwọn Jámánì ní ajá ọdẹ kan tí wọ́n ń pè ní Hannoverscher Schweißhund. Lẹ́nu gbogbo ènìyàn, òógùn ni Schweiß. Lẹ́nu ọdẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ni. Iṣẹ́ ajá yìí wà nínú orúkọ rẹ̀: bí àgbọ̀nrín bá gbé ọta sá wọ igbó, a ó fi okùn gígùn so ajá náà, yóò sì fi imú tọ ipa ẹran náà títí a ó fi rí i. Ní ọdún 1894 ni a dá ẹgbẹ́ Verein Hirschmann sílẹ̀ láti máa tọ́jú ìran ajá náà.

Àwọn ọdẹ tiwa kò kọ ìmọ̀ wọn sínú ìwé; inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Fèrè inú òwe yẹn fi hàn pé ajá tiwa kì í sí nínú okùn: yóò sáré jìnnà síwájú, ohùn fèrè ni yóò sì pè é padà. Òwe mìíràn ní, "Ajá tí ó bá ní ẹni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ." Èyí kọ́ wa pé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ń fún ajá ní ìgboyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé, ọ̀kan nínú ajá mẹ́ta inú àlọ́ ọdẹ: orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti sọ pé kì í ṣẹ́ nǹkan kù sílẹ̀.

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáìkò, lórí ilẹ̀ Àwórì, ilé ti gba ibi tí igbó wà lẹ́bàá títì Èkó sí Àgbádárìgì. Ọ̀jọ́ yìí kan náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti ọdún 1983. Ajá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ mọ̀. Wọ́n ń pa òwe náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó bí i ti ń kúrò lójú wọn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́: ẹ lọ bá àwọn àgbà ọdẹ tí ó kù. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe fèrè, bí wọ́n ti ń fọn ọ́n, orúkọ tí wọ́n ń sọ ajá, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ nínú igbó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Bí a kò bá ṣe é nísinsìnyí, òwe yóò kù lẹ́nu wa, a kò sì ní mọ ìdí rẹ̀ mọ́.