Akọ̀wé Lójú Ọ̀sán, Olórin Lójú Alẹ́

Iṣẹ́ akọ̀wé ni Túndé King ń ṣe ní 1929. Ọmọ ọdún 19 ni, ọmọ Sàró (àwọn tí ìdílé wọn padà wá láti Sierra Leone) tó jẹ́ Mùsùlùmí, ní àdúgbò Olówógbowó l'Ékòó. Eko Boys' High School ló ti kàwé, bàbá rẹ̀ sì ti ṣe ọ̀gá akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìlaròó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í tọ́ ọmọ kó wá retí pé olórin ni yóò dà. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nílé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọ ní gítà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, ọtí á wà nílẹ̀, orin á sì bẹ̀rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìlù ní ìdílé tirẹ̀. Àwọn ọmọ Àyàn ló ni ín. Ẹni tí kò bá ti ìdí Àyàn wá, tó wá ń kọrin kiri òde, orúkọ kan ti wà nílẹ̀ tí wọ́n máa fún un: alágbe. Ìdí nìyẹn tí òbí fi ń gba gítà lọ́wọ́ ọmọ. Akọ̀wé tó ń ta okùn lálẹ́ kò bọ́ sí ibì kankan nínú ètò yẹn, àfi kó la ọ̀nà tirẹ̀. Owó oṣù tó ń gbà ní ọ́fíìsì ló yọ ọ́ lọ́wọ́ orúkọ burúkú náà. Ó lè jókòó sí pálọ̀ ọ̀rẹ́ níbi ìkómọ, kó fi orúkọ onílé sínú orin, kí onílé lẹ ṣílè mọ́ ọn níwájú orí, kí ẹnikẹ́ni má sì lè pè é ní alágbe. Lójú tèmi, inú pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti wo orin jùjú dàgbà, ju ilé ọtí lọ.

Ohun èlò wọn ò pọ̀. King ń ta bánjò olókùn mẹ́fà, ẹnìkan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ń lu tanborín, ẹnìkan ń gbe orin. Wọ́n ní bí onítanborín ṣe ń ju ìlù rẹ̀ sókè tó sì ń hán an ló bí orúkọ jùjú. Àwọn mìíràn láyé ìgbà náà fi mandolin ṣe tiwọn, tàbí èyí tí wọ́n fi mandolin àti bánjò lú pọ̀. Okùn mẹ́jọ ni mandolin ní, méjì méjì tó ń jẹ́ ohùn kan náà, bíi ti fáólìnì ni wọ́n sì ṣe ń dè é. Ohùn okùn kúkúrú kì í pẹ́ kú, nítorí náà atamandolin á máa gbọ̀n ọwọ́ lé e wìrìwìrì kí orin má baà já. Bí wọ́n bá wá fi awọ bò ó bíi ti bánjò, ó di olókùn tó jẹ́ ọmọ ìyá ìlù. Láìsí iná mànàmáná, á ró ketekete nínú pálọ̀ tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, mandolin àti ijó waltz ti mọra tipẹ́. Títí di òní, àwọn tí kì í torí owó ta mandolin a máa yan waltz kan tó rí bíi ti àtijọ́, kálukú á ta á nílé, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn á sì fi ránṣẹ́ síra wọn láti gbọ́ bí orin kan ṣe ń yí padà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá. Waltz kò ṣàjèjì l'Ékòó. Àwọn Sàró ọ̀mọ̀wé ti ń jó o ní gbọ̀ngàn kí ọdún 1900 tó dé. Ṣùgbọ́n kò wọ pálọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n ń kà á, ọ̀kan wúwo, méjì fúyẹ́. Etí wa kò kọ mẹ́ta: ẹ tẹ́tí sí kónkóló agogo, mẹ́ta-mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kò gbà, torí méjì-méjì lẹsẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lórí kónkóló kan náà. Mandolin wọlé, ó fi ijó tó bá a rìn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹlẹ́mẹ̀ẹ́ta ti rí ibùgbé, nínú ìwé orin.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ló sì gbé ohùn Ẹ̀gbá sórí àwo ṣáájú jùjú. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, ọmọ Ìgbẹ̀in l'Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin 43 sílẹ̀ fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà níṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ Olúwa ni.

Ní 1936, ó kan King: Parlophone gbà á. Ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà orin tí wọ́n lè fi ṣe gbogbo òru ní pálọ̀ di ohun tí wọ́n ń gé kúrú. Ṣùgbọ́n àwo lè rìn ju olórin lọ. Reluwé ti ń gba Lafẹ́nwá l'Abẹ́òkúta kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ohun tó bá ń tà l'Ékòó, Abẹ́òkúta kò jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ orin kan á máa dá abẹ́rẹ́ grámófóònù padà síbi kan náà títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá fi máa ta á jáde, tirẹ̀ ti yàtọ̀.

King wọ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní 1939, ìgbà tó sì fi padà wá jókòó sí Èkó ní 1954, pálọ̀ ti kéré jù fún jùjú. Àkànbí Ẹ̀gẹ́ ti mú gángan wọ inú rẹ̀ ní 1948. Ọdún kejì, Àyìndé Bákàrè fi iná sí gítà. Nígbà tí gítà bá ń fi iná pariwo, tí gángan ń dáhùn, ta ló máa gbọ́ mandolin?

Inú ayé tuntun yẹn ni Ebenezer Obey bọ́ sí. Ìdógò ni wọ́n ti bí i ní 1942, níbi tí ẹ̀ka reluwé tó ya ní Ifọ̀ parí sí, ṣùgbọ́n ọmọ Òwu l'Abẹ́òkúta ni, àwọn Òwu kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Fatai Rolling Dollar ló gbà á sẹ́gbẹ́ l'Ékòó kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Obey kò ní ọ́fíìsì kankan tó máa lọ láàárọ̀. Orin niṣẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ tóbi, àwo rẹ̀ sì gùn débi pé orin lè gba odindi ojú kan. Kò tún sí ẹni tó ń pe olórin jùjú ní alágbe, ó kéré tán kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Rounder l'Amẹ́ríkà kó àwọn àwo àtijọ́ ti ìgbà King jọ, Christopher Waterman ló ṣà wọ́n. Wọ́n ti dórí fóònù báyìí. Akọ̀wé tó bá dé láti ibi iṣẹ́ ní Òwu lálẹ́ òní, tó sì ní gítà nílé, lè fi ìka dá orin King padà sẹ́yìn nígbà tó bá wù ú, láìsí abẹ́rẹ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo àwo tó ti gbó, tó ń ta ṣarara bí òjò lórí páànù, kí bánjò tó wọlé.