Ìṣẹ́jú 45 láti Ìkẹjà dé Àkúrẹ́: ṣé ti ará Ìwópin ni?

Lọ́sẹ̀ yìí, arákùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láti Ìwópin, létí ọ̀sà ní Ogun Waterside. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní FUTA, l'Ákùúrẹ́, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó tẹ fóònù, ó rí i pé ìṣẹ́jú 45 ni bàálù ń lò láti Èkó débẹ̀. Ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yá owó tíkẹ́ẹ̀tì?"

Mo ní kó dúró ná, ká jọ ṣírò ẹ̀.

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti Àkúrẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 230 ni, bí ẹni na okùn tààrà láti ibì kan dé èkejì. Ti ojú títì tó 300, torí títì máa ń yà kiri. Bàálù ńlá tó ti gòkè tán lè sáré kìlómítà 800 ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ eré yẹn nìkan ni, ìṣẹ́jú 17 péré ni kò bá jẹ́. Kí ló wá sọ ọ́ di 45? Bàálù á kọ́kọ́ rọra rìn nílẹ̀ lọ síbi tó ti máa gbéra. Á gòkè, kò sì lè fi gbogbo eré ẹ̀ gòkè. Kó tó ní òun fẹ́ sá eré gidi, ó ti tó àsìkò láti máa sọ̀kalẹ̀, á tún yípo kó lè kọjú sí atẹ́gùn kó tó balẹ̀. Ìkẹjà sí Àbújá ju ìlọ́po méjì èyí lọ, ó lé ní kìlómítà 500, síbẹ̀ wákàtí kan àti díẹ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: Ìkẹjà ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Arákùnrin wa kò sí n'Íkẹjà. Á gba Ẹ̀pẹ́ wọ Èkó, wákàtí mẹ́ta, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ṣàánú ẹ̀. Á ti wà ní pápákọ̀ ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú. Tó bá balẹ̀, pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà lọ́nà Ọ̀wọ̀, FUTA wà lọ́nà Iléṣà, á la ìlú já. Wákàtí mẹ́fà ti ń lọ nìyẹn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìlà tààrà láti Ìkẹjà sí Àkúrẹ́ ń kọjá lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Á sanwó kí wọ́n gbé e padà wá sí tòsí ilé!

Láti Ìwópin gan-an, Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 140 lọ tí a bá na okùn. Kó jáde sí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, kó gba Òrè, kó gba Oǹdó.

Ẹnìkan níbí béèrè pé pápákọ̀ tuntun tó wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn ńkọ́? Ó sún mọ́ ọn ju Ìkẹjà lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bàálù tó ń lọ síbi tí ẹ̀ ń lọ ń gbéra níbẹ̀.

Mo ní kó má yáwó. Kó wọ mọ́tò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó gba yàrá sùn l'Ákùúrẹ́. Ọjọ́rú ló ń lọ. Ó ní tóun bá ti jáde níbẹ̀, òun á fi ohùn ránṣẹ́.