Òru Ni Saguaro Fi Ń Mí

Ewé àbámodá kì í tètè rọ. Ẹ já a, ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí ògiri. Láìsí erùpẹ̀, láìsí omi, ọmọ á máa yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí ewé náà. Àwọn ìyá wa a máa yá a níná, wọn a fún omi rẹ̀ fún ọmọ tó ń húkọ́. Omi inú rẹ̀ yìí la mọ̀ ọ́n mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóru ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀.

Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, kọ lẹ́tà ní 1813 nípa ewé yìí kan náà. Ó ní bí èèyàn bá tọ́ ọ wò láàárọ̀, ó kan. Bó bá di ọ̀sán, kò ní ìtọ́wò kankan mọ́. Ohun tó fà á ni pé igi tó bá ṣí àwọn ihò tín-ín-tìn-ín ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, omi rẹ̀ á bá ibẹ̀ lọ. Àbámodá a máa tì wọ́n pa lọ́sàn-án, á wá ṣí wọn nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Á gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì, á fi pamọ́. Bí oòrùn bá yọ, ohun kíkan yẹn ló ń fi se oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká lọ sí aṣálẹ̀ Sonora, ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú oṣù karùn-ún. Saguaro ló dúró gbọnìngbọnìn níbẹ̀, kákítọ́ọ̀sì tó lè ga tó mítà 12, tó sì lè gbé ayé ju 150 ọdún lọ. Kò bá àbámodá tan rárá. Ẹ̀gún ló ní, kò léwé. Síbẹ̀ ọgbọ́n òru kan náà ni wọ́n jọ ń dá.

Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le jù lọ gan-an ni saguaro ń tanná. Omi tó ti fà sára látìgbà òjò ló ń ná: gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ṣùgbọ́n ó tàn káàkiri, ara rẹ̀ tó ṣẹ́po sì ń fẹ̀ bí omi bá ṣe ń wọ̀ ọ́. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó nípọn, alẹ́ ló ń là. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti padé, kò sì ní là mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ yìí, àdán ní láti gbé àtíkè òdòdó wá láti ara saguaro mìíràn, nítorí tara rẹ̀ kò lè ṣe é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àdàbà àti oyin á gbà á lọ́wọ́ àdán. Igi yìí kan náà sì nìyí tó máa ń lò tó nǹkan bí ọdún 35 kó tó tanná àkọ́kọ́!

Nínú oṣù kẹfà, èso á pọ́n, ẹyọ kan á ní tó 2,000 kóró nínú. Òjò oṣù keje á bá kóró nílẹ̀. Àwọn Tohono O'odham, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, a máa fi ọ̀pá tí wọ́n yọ lára saguaro tó ti kú já èso náà. Wọ́n ń sè é di oje dídùn, wọ́n sì ń fi pọn ọtí tí wọ́n fi ń pe òjò. Ìgbà náà lọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni ọdún 2023. Ní ìlú Phoenix ní Arizona, fún ọjọ́ 31 léraléra, ooru ọ̀sán dé ìwọ̀n 43 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Apá ń já lára àwọn saguaro, àwọn mìíràn wó lulẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe ọ̀sán nìkan ló pa wọ́n. Alẹ́ kọ̀, kò tutù. Kọnkéré àti ọ̀dà títì inú ìlú ń kó ooru pamọ́ látàárọ̀, wọ́n sì ń tú u síta ní àkókò tí saguaro ń dúró dè láti mí.