Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Aláìkẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ òbí ni í máa sọ pé ẹni tí ìwé kò bá wọ̀ lórí ni kí ó lọ máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Àwa kò gba èyí. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; ta ni ó ha yẹ kí ó mú àdá lọ́wọ́?

Ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni òfin iṣẹ́ fún aboyún, ṣáájú ìbímọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ-ọwọ́ ni a ń gbé lọ sí ilé ìtọ́jú. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 pàápàá ka ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n owó oṣù aláìníwèé-ẹ̀rí a máa kéré.

Kí ẹni tí ó ti yege ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Ọdún 3 ni yóò fi gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ yìí, lẹ́yìn èyí kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN. Ó lè kọ́ni ní jẹ́lé-ó-sinmi, ó lè tẹ̀síwájú sí yunifásítì, ó sì lè dá ilé ìtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹni tí ẹ kò lè fi ọmọ yín sí lọ́wọ́, ẹ má ṣe rán an lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.