Dókítà Ọkàn Tí Ìwé Kíkà Nira Fún

“Olódo ni ọmọ yìí!” Ìyá mélòó nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí kò tíì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, nígbà tí ọmọ bá ń kọsẹ̀ lórí ìwé kíkà? Ẹ̀yin ìyá ọ̀wọ́n, kí ẹ tó tún sọ ọ́, ẹ gbọ́ ìtàn Dókítà Helen Taussig.

Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní ọdún 1898. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ikọ́ ife pa ìyá rẹ̀. Ìwé kíkà nira fún un púpọ̀. Lẹ́tà a máa dàrú mọ́ ọn lójú. Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, kò bú u. Ó jókòó tì í, ó sì ń fi sùúrù bá a kà á.

Nígbà tí Helen fẹ́ di dókítà, Harvard kì í fún obìnrin ní oyè ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó gba Johns Hopkins lọ ní ìlú Baltimore, ó sì gboyè ní 1927. Ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé ni ó yàn láàyò. Nígbà tí etí rẹ̀ ń di, ó ń fi ìka ọwọ́ mọ bí ọkàn ọmọ ti ń lù.

Àwọn ọmọ kan wà tí ètè wọn a máa rí bí aró, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ẹ̀dọ̀fóró wọn kò tó. Òun ni ó dábàá pé kí a la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, Dókítà Alfred Blalock ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ọmọ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Vivien Thomas.

Síbẹ̀, ọmọ mélòó ni ọwọ́ dókítà kan lè kàn? Nítorí náà ni ó ṣe ń kọ̀wé. Ní 1947, ìwé ńlá rẹ̀ lórí àbùkù ọkàn tí a ń bí mọ́ ọmọ jáde, àwọn dókítà mìíràn sì fi kọ́ṣẹ́. Ní 1962, ó lọ sí Jámánì láti wádìí thalidomide, oògùn tí aláboyún ń lò tí ó sì ń ba apá àti ẹsẹ̀ ọmọ inú jẹ́. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ̀wé, ó sì kìlọ̀ fún ará ìlú rẹ̀. Kò fi kálàmù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì ní 1963. Ó kú ní 1986.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Bí ètè tàbí ahọ́n ọmọ bá ń rí bí aró, tàbí tí ó bá ń ṣeré díẹ̀ tí ó sì ń lóṣòó láti mí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹ bá lóyún, ẹ má lo oògùn láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ní ti ọmọ tí kò tètè mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ jọ ka ojú ìwé kan. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ dúró dè é.