Akọ́nimọ̀ọ́gbá Láàárín Àríwísí àti Èébú: Àyẹ̀wò Ohun tí Gareth Southgate Ṣe Lẹ́yìn Pẹ́nárítì Ọdún 2021

1.0 Ìfáàrà

Ète wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ burúkú bá ń rọ̀jò lé òun àti àwọn tí ó ń kọ́ lórí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí òǹwòran ti ń bá akọ́nimọ̀ọ́gbá wí. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ohùn òǹwòran kò mọ sí etí pápá mọ́. Ẹ̀rọ ayélujára ń gbé e wọ inú yàrá tí agbábọ́ọ̀lù ń sùn, nígbà mìíràn kí ó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ pàápàá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá dá àwọn tí ń bá a wí lóhùn ni, tàbí kí ó dákẹ́? Èrò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí a ó gbìyànjú láti fi hàn ni pé èsì tàbí ìdákẹ́ kọ́ ni a fi ń mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó dáńgájíá. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni bóyá ohun tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ nílò ni ó ń pinnu ìgbésẹ̀ tí ó kàn, tàbí ariwo ọjà ni.

Àpẹẹrẹ tí a yàn ni ti Gareth Southgate, ẹni tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2016 títí di ọdún 2024. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ohun tí ó sọ àti ohun tí ó ṣe wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ọ̀ràn náà ká mọ́, Bukayo Saka, jẹ́ ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2001. Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa.

2.0 Àríwísí, Ẹ̀gàn àti Èébú

Kí a tó lọ sínú ọ̀rọ̀ gan-an, ó yẹ kí a ya àwọn ohun mẹ́ta kan sọ́tọ̀, nítorí pé àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó ń kó ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá sí wàhálà.

Èkíní ni àríwísí. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pàtàkì ni ó wà nínú rẹ̀: rí àti wí. Rírí sì ni ó ṣáájú wíwí. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kò ní ohun tí yóò wí sí i. Àríwísí máa ń dá lórí ohun tí ènìyàn ṣe: ìpinnu tí ó ṣe, àsìkò tí ó ṣe é, ọ̀nà tí ó gbà ṣe é.

Èkejì ni ẹ̀gàn. Ẹlẹ́gàn lè rí nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú ohun tí ó rí wá. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni náà kò tó, kò sì lè tó láéláé.

Ẹ̀kẹta ni èébú. Èébú kò nílò pé kí a rí ohunkóhun. Ìrísí ẹni, àwọ̀ ara ẹni, ìran ẹni àti orírun ẹni ni ó ń bá jà.

Ìbéèrè kan wà tí a lè fi dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀: Kí ni a lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ní pápá ìgbaradì lọ́la? Bí a bá rí ohun kan fi í ṣe, àríwísí ni, ìbáà jẹ́ pé ohùn líle ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí a kò bá rí nǹkan kan fi í ṣe, ẹ̀gàn tàbí èébú ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

3.0 Ohun tí ó Ṣẹlẹ̀ ní Wembley

Ìdíje àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2020, tí àrùn Kòrónà sún síwájú, wáyé ní Wembley ní ọjọ́ 11 oṣù keje, ọdún 2021. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì gbá ọ̀mì 1 sí 1, ó sì di ọ̀rọ̀ pẹ́nárítì. Kane àti Maguire gbá tiwọn wọlé. Ti Rashford kọlu òpó. Donnarumma, aṣọ́lé Ítálì, mú ti Sancho. Ìyẹn ni pé nígbà tí ó kan Saka, ẹni karùn-ún, bí kò bá gbá a wọlé, ó parí. Ọmọ ọdún 19 ni. Aṣọ́lé mú tirẹ̀ náà, Ítálì sì borí pẹ̀lú 3 sí 2.

Aláwọ̀ dúdú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò gbá tiwọn wọlé. Kò pẹ́ rárá tí èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi kún orí ìkànnì wọn. Saka fúnra rẹ̀ sọ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà pé lójú ẹsẹ̀ ni òun ti mọ irú ìkórìíra tí ń bọ̀ wá bá òun. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù nǹkan ńlá kò tíì sunkún tán tí ó ti mọ èébú tí ń bọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ní lọ́wọ́ láti tọ́jú ní alẹ́ ọjọ́ náà.

4.0 Ohun Mẹ́ta tí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ṣe

4.1 Ó gba ẹrù náà sórí

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Southgate sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ni òun yan àwọn tí ó gbá pẹ́nárítì náà, àti pé ọrùn òun ni kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́. Ẹlòmíràn lè rò pé inú rere lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó to orúkọ wọn tẹ̀léra, ohun tí ó sì rí ní pápá ìgbaradì ni ó fi ṣe é.

Àǹfààní tí ó wà nínú ohun tí ó ṣe yìí ju ìtùnú lọ. Ó yí ìbéèrè padà. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu ayé ni, "Irú ènìyàn wo ni Saka?" Èébú nìkan ni ó lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó sọ̀rọ̀, ìbéèrè náà di, "Báwo ni a ṣe yan àwọn tí yóò gbá a?" Àríwísí ni ó ń dáhùn èyí, a sì lè tún un ṣe. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè pa ẹnu ayé mọ́, ṣùgbọ́n ó lè fún ẹnu ayé ní ohun mìíràn tí yóò máa jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Southgate. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ọdún 1996, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25, òun ni ó pàdánù pẹ́nárítì tí ó lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde níwájú Jámánì, ní Wembley.

4.2 Ó ya èébú sọ́tọ̀

Ní ọjọ́ kejì, Southgate sọ pé èébú tí wọ́n bú àwọn ọmọ náà kò ní ìdáríjì. Kò bá àwọn abúni jiyàn. Kò fi iye góòlù tí Rashford ti gbá wọlé dá wọn lóhùn, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí iṣẹ́ dá èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà lóhùn ti gbà láìmọ̀ pé bí iṣẹ́ kò bá dára, èébú náà tọ́.

Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń re imú. Àwọn ọlọ́pàá ni ó gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n kéde pé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn yẹ̀ wò, 207 ni ó jẹ́ ìwà ọ̀daràn. 34 nínú àwọn tí ó kọ wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tí ó so mọ́ ọn, 123 sì wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti fàṣẹ ọba mú ènìyàn 11 nígbà náà. Iṣẹ́ òfin ni èyí. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá gbé e ka orí, ta ni yóò kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù?

4.3 Ó fi etí sí àríwísí

Èyí ni ó le jù, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń bú máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di èébú. Àríwísí tòótọ́ wà nínú ariwo ọdún 2021. Rashford àti Sancho kò wọ pápá títí di ìparí àfikún àkókò gan-an. Wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó lọ gbá pẹ́nárítì. Àwọn tí ó mọ̀ nípa eré náà sọ pé ẹsẹ̀ tí kò tíì gbóná kò yẹ ní irú ibẹ̀.

Southgate kò kọ́kọ́ jẹ́ aláìbìkítà sí irú nǹkan báyìí. Láti ọdún 1990 sí 2012, ẹ̀ẹ̀méje ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ẹlòmíràn figagbága nínú pẹ́nárítì nínú ìdíje ńláńlá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì borí. Nígbà tí ó di ọdún 2018, wọ́n fi 4 sí 3 borí Kòlóńbíà ní ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́yìn ìgbaradì pípẹ́ lórí pẹ́nárítì nìkan. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

5.0 Àpẹẹrẹ Kan láti Ilé

Kí ohun tí a ń sọ lè yéni sí i, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Nàìjíríà. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, Super Eagles kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdíje CHAN ní ilẹ̀ Rwanda. Sunday Oliseh, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ṣe fídíò kan sí orí ayélujára, nínú èyí tí ó ti fi ọ̀rọ̀ gbígbóná dá àwọn tí ń bá a wí lóhùn. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ní òpin oṣù kejì ọdún náà ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣe àìṣòdodo sí Oliseh. Ó sọ pé àìrí owó gbà àti àìrí ìtìlẹ́yìn ni ó mú òun lọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ yóò yà lẹ́nu. Kókó tiwa kò ju pé lẹ́yìn fídíò náà, fídíò ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ìbéèrè nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó lọ sí Rwanda, ohun tí wọ́n kù sí àti ohun tí wọ́n nílò, kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ mọ́. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni yóò dúró bí odi. Nígbà tí Nàìjíríà pàdánù ìdíje àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà sọ́wọ́ Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, ọdún 2024, tí wọ́n sì ń bú Alex Iwobi lórí ayélujára, Ahmed Musa, balógun ẹgbẹ́ náà, ni ó jáde bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dẹ́kun.

6.0 Ìdánwò Ọdún 2024

Ní ọdún 2024, orí Southgate fúnra rẹ̀ ni òjò náà rọ̀ sí. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Slovenia gbá ọ̀mì 0 sí 0 ní ìlú Cologne ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, ó lọ pàtẹ́wọ́ fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì ń ju ife oníke sí i. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ó sàn kí ọ̀rọ̀ náà dojú kọ òun ju kí ó dojú kọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ. A ó rí i pé ohun tí ó ṣe fún Saka ní ọdún 2021 kì í ṣe ìmísí alẹ́ kan.

Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, wọ́n pàdé Switzerland. Saka ni ó gbá góòlù tí ó sọ ọ́ di ọ̀mì 1 sí 1 ní ìṣẹ́jú 80. Pẹ́nárítì tún dé. Àwọn márùn-ún tí ó gbá a ni Palmer, Bellingham, Saka, Toney àti Alexander-Arnold, gbogbo wọn ni ó sì gbá tiwọn wọlé. Bellingham àti Saka ti wà ní pápá láti ìbẹ̀rẹ̀. Palmer wọlé kí ìṣẹ́jú 90 tó pé. Àwọn méjì yòókù wọlé nínú àfikún àkókò, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣì kù fún wọn láti gbá bọ́ọ̀lù. Pickford, aṣọ́lé, tilẹ̀ kọ ibi tí agbábọ́ọ̀lù Switzerland kọ̀ọ̀kan máa ń gbá pẹ́nárítì sí sára ìgò omi rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

A kò sọ pé àríwísí ọdún 2021 nìkan ni ó bí gbogbo èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé Saka tí wọ́n bú ní ọdún 2021 kò di ẹni tí a fi pamọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tún gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́.

7.0 Àtakò Kan

Ẹnìkan lè sọ pé bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń gba gbogbo ẹ̀bi, àwọn agbábọ́ọ̀lù kò ní dàgbà. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé gbangba yàtọ̀ sí ìdákọ́ńkọ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a máa ń fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ìnà, kì í ṣe ojú ọjà. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù kù sí, kí a sọ ọ́ fún un ní pápá ìgbaradì, pẹ̀lú ohun tí yóò ṣe sí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Gbígba ẹ̀bi lè di àṣà ẹnu lásán. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá ń sọ pé "ẹ̀bi mi ni" lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, tí kò yí nǹkan kan padà, ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sá fún àríwísí ni. Odi pàápàá ní ọjọ́ tí ó máa ń rẹ̀ ẹ́: ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Sípéènì fi 2 sí 1 borí wọn nínú àṣekágbá ọdún 2024 ni Southgate fi iṣẹ́ sílẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ariwo tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gbọ́, àti pé ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Kí ó gbé èébú fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá abúni jà. Kí ó fi ẹ̀gàn sílẹ̀ láìdáhùn. Kí ó gbé àríwísí lọ sí pápá ìgbaradì, kódà bí ẹnu ọ̀tá ni ó ti jáde. Ní àárín gbogbo rẹ̀, kí ó máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ òun nílò ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ni a yẹ̀ wò níhìn-ín. Ó kù kí ẹlòmíràn yẹ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wò, ti ilé-ìwé àti ti àdúgbò, níbi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ti ní agbẹnusọ tàbí ọlọ́pàá tí yóò bá a gbé èébú, tí ọmọ tí wọ́n ń bú sì lè má tíì pé ọdún 15.